Kásẹ́ẹ̀tì Ọmọ-Ogun Kẹrin

Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ ló yẹ kó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà, méje ló kù. Ohun tó wá ń dààmú ẹni tó ni ín ni pé àgádágodo ṣì wà ní títì gbọin-gbọin, kọ́kọ́rọ́ sì ń bẹ lọ́rùn òun fúnra rẹ̀, lára okùn tí kò bọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì.

"Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, Màdáàmù," ni ó wí. "Mo tún kà á lẹ́ẹ̀kẹrin, méje náà ni."

Òǹkọ̀wé ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin yìí. Ẹgbẹ́ àwọn sọ́jà àtijọ́ ló fún un ní yàrá kékeré kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn wọn, kí ó máa gba ohùn wọn sílẹ̀ láti fi ṣe ìwé. Kì í ṣe ìtàn àwọn ọ̀gágun tó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí máàpù ni ó ń wá o; ti àwọn tó fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí ọ̀pá náà tọ́ka sí ni. Ọkùnrin mẹ́jọ ló ṣẹ́kù nínú àwọn tó gun òkè kan báyìí ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí àgọ́ ọlọ́pàá rán wá kò tíì jókòó. Jẹ́jẹ́ ni ìnagijẹ rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́ igbe rẹ̀ rí. Ọ̀daràn kan sọ ọ́ nígbà kan pé kí wọ́n kúkú na òun ju kí obìnrin yẹn bi òun ní ìbéèrè kẹta lọ.

"Ti ta ló sọnù?" ni Jẹ́jẹ́ bi í.

"Nọ́ńbà kẹrin. Káfíńtà ni."

"Ṣé kò lè tún un sọ?"

Òǹkọ̀wé mi orí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo gba ohùn rẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Apá ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ahọ́n náà kò yí mọ́. Màdáàmù, kò síbi tí ohùn ọkùnrin yẹn tún wà láyé yìí àfi nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn."

Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ níwájú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò wo àgádágodo rárá. Apá kejì ló ń wò, níbi tí irin méjì ti so ilẹ̀kùn mọ́ ara igi. Irin náà ti dípẹtà, ṣùgbọ́n orí àwọn sikúrúù tó wà lára rẹ̀ ń dán.

"Olè yìí kò bá àgádágodo jà," ni ó wí. "Ẹ̀yìn ló gbà. Ó tú ilẹ̀kùn, ó mú tirẹ̀, ó sì dá ilẹ̀kùn padà bí ọmọlúàbí."

Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kékeré tú sikúrúù kan. Nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó fi ìka pa á, ó gbé e sí imú.

"Ọṣẹ," ni ó wí.

Ó dìde, ó lọ síbi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì. "Ta ló ti fọwọ́ kan èyí láti ọjọ́ Ẹtì?"

"Kò sí o. Èmi nìkan ni mo máa ń lò ó."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ báyìí?"

Òǹkọ̀wé wò ó, ó ya ẹnu. Ohùn ẹ̀rọ náà wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ gbé etí lé e kó tó gbọ́ ohunkóhun. Jẹ́jẹ́ ní kí ó wo àwọn kásẹ́ẹ̀tì tó kù. Òǹkọ̀wé a máa dá gbogbo wọn padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí ó tó tì wọ́n mọ́nú. Ìkarùn-ún dé ìkẹjọ wà bí ó ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èkíní, èkejì àti ẹ̀kẹta ti yí díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan gbọ́ gbólóhùn kan péré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Kí ló dé tí ẹ kò kọ orúkọ sí wọn lára?"

"Àdéhùn wa ni. Nọ́ńbà nìkan. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ títí ìwé yóò fi jáde. Gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i."

"Ta ló ti wá bẹ̀ yín pé òun fẹ́ gbọ́?"

"Sájẹ́ǹtì. Ó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta, ti Káfíńtà gan-an ló sì ní òun fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ìyàwó."

"Ìyàwó mélòó?"

"Gbogbo wọn."

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ìpàdé oṣooṣù wà ní gbọ̀ngàn. Èèyàn tó ogójì ló wá, tọkọtaya, wọ́n sì pariwo títí lórí ẹni tí yóò ṣe alága. Olùṣọ́ gbọ̀ngàn náà ní òun rí ẹnì kan ṣoṣo tó dìde láàárín ariwo náà, tó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn, tó sì padà dé pẹ̀lú ojú tó le bí òkúta. Sájẹ́ǹtì ni.

Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá pe Jẹ́jẹ́ lórí fóònù. "Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Mú un wá."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí i, sà."

*

Sájẹ́ǹtì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìdí ògiri ilé rẹ̀. Sikúrúdiráfà mẹ́fà ló tò síwájú rẹ̀, láti orí èyí tó gùn bí apá dé orí èyí tó kéré bí ìka. Jẹ́jẹ́ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́."

Ọkùnrin náà kò gbójú sókè.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

Táyà ló ń yí. Jẹ́jẹ́ bọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣe ohun tí àwọn ará àgọ́ kò ní gbà gbọ́: ó pariwo.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà!"

"Háà! O ò ṣe sọ̀rọ̀ sókè láti ẹ̀ẹ̀kan?" Ó fi ìka gbá etí òsì. "Ariwo ìbọn mọ́tà ló mú èyí lọ. Ìdajì ló kù nínú ìkejì. Ta ni ẹ?"

Jẹ́jẹ́ sọ ẹni tó jẹ́, ó sì sọ ohun tó sọnù. Ojú ọkùnrin náà yí padà. Kì í ṣe ìbẹ̀rù ló wà níbẹ̀. Ìbínú ni, ìbínú ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

"Wọ́n ti jí i? Kí ó tó dé etí mi?"

"Ẹ̀yin lẹ dìde nínú ìpàdé, sà. Ẹ gba ẹ̀yìn lọ."

"Mo lọ. Mo fẹ́ fọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, kí n má parọ́ fún ẹ. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Mo wá rántí pé Káfíńtà fọwọ́ síwèé. Sọ́jà kì í fọ́ ohun tí sọ́jà bá fọwọ́ sí. Mo padà."

"Kí lẹ fẹ́ gbọ́ nínú rẹ̀?"

Sájẹ́ǹtì nu ọwọ́.

"Ọjọ́ mọ́kànlá la lò lórí òkè yẹn. Ṣíbí oúnjẹ la fi gbẹ́ kòtò, nítorí ṣọ́bìrì méjì ló wà fún ọgọ́rin èèyàn. Òjò ń rọ̀ sí wa lára. Bí o bá bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ rẹ á funfun, á hunjọ bí ẹja tó ti pẹ́ nínú omi. Ẹni tó bá ń gbàdúrà sókè, a máa ń ní kó dákẹ́. Kì í ṣe pé a kò nígbàgbọ́ o. À ń tẹ́tí sí mọ́tà ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní rédíò, pé a 'di òkè mú', ọ̀rọ̀ ńlá ni. A ò di nǹkan kan mú. Ilẹ̀ là ń fà mọ́ra."

Ó gbé sikúrúdiráfà kan, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Àbúrò mi wà níbẹ̀. Ọmọ ìyá mi. Èmi ni mo mú un wọ iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọta bà á nínú ikùn, inú kòtò kan náà ló sì bá ara rẹ̀ pẹ̀lú Káfíńtà. Wákàtí mẹ́fà! N kò jìnnà sí wọn ju ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbórí sókè ti kú. Mò ń gbọ́ ohùn wọn, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo rákò dé ibẹ̀. Ó ti kú. Mo bi Káfíńtà: kí ló sọ? Ó ní, 'Kò sọ nǹkan kan.' Wákàtí mẹ́fà, Màdáàmù. Ìyá mi bi mí títí ó fi kú pé kí ni ọmọ òun sọ. N kò rí nǹkan fún un."

"Ẹ sì gbọ́ pé ó ti sọ ọ́ fún Òǹkọ̀wé."

"Àjèjì!" Ohùn rẹ̀ le débi pé adìyẹ sá. "Àjèjì ló sọ ọ́ fún! Bí mo bá rí i nísinsìnyí, aláìsàn ni o, n kò mọ̀ bóyá mo lè kí i. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ló gbé pamọ́ sínú bí ẹni gbé ogún olóògbé. Mo jowú rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ jáde. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jowú ọkùnrin yẹn, pé òun ló wà nínú kòtò náà, èmi kọ́."

Jẹ́jẹ́ yọ sikúrúù náà nínú àpò rẹ̀. "Bàbá, tí ẹ bá fẹ́ kí irú èyí wọlé wẹ́rẹ́, kí lẹ ń fi pa á?"

"Gíríìsì. Kí ló tún kù?"

"Ọṣẹ ńkọ́?"

"Ọṣẹ kẹ̀? Àwọn tó ń fi igi ṣiṣẹ́ ló ń ṣe ìyẹn."

"Nọ́ńbà tí Òǹkọ̀wé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Èmi ni mo tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ fún un. Èmi ni èkíní, Káfíńtà ni ìkẹrin."

Jẹ́jẹ́ dúpẹ́, ó dìde.

*

"Sájẹ́ǹtì kọ́, sà," ni ó wí lórí fóònù.

"Ó ní ìdí tí ó fi lè jí i. Ó ní irinṣẹ́. Olùṣọ́ rí i. Kí lo tún fẹ́?"

"Sájẹ́ǹtì mọ nọ́ńbà, sà. Ì bá nawọ́ sí ìkẹrin tààrà. Ẹni tó jí i kò mọ nọ́ńbà. Ó gbọ́ èkíní, kì í ṣe ohùn tó ń wá. Ó gbọ́ èkejì, ẹ̀kẹta. Nígbà tó dé ìkẹrin, ó mọ ohùn náà lẹ́sẹ̀ kan náà, kò sì wá ibòmíràn mọ́. Bí ó sì ṣe ń gbọ́ ọ, ó yí ohùn sílẹ̀ débi tí ó jẹ́ pé bí Sájẹ́ǹtì bá gbé ẹ̀rọ yẹn sínú etí, kò ní gbọ́ nǹkan kan."

"Ó dáa. Ọṣẹ ńkọ́? Káfíńtà fúnra rẹ̀? Ẹni tí kò lè dìde?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ kí i, sà."

Jẹ́jẹ́ kò sọ ìyókù fún Ọ̀gá. Òun náà ti jowú rí, nígbà tó ṣì wà nílé ọkọ, ó sì mọ bí ó ṣe ń rí. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé kí àṣírí má tú, gbogbo kásẹ́ẹ̀tì ni ì bá kó, tàbí kó dáná sun wọ́n. Olè a máa jí ohun tó lè tà. Òjòwú nìkan ló máa ń jí ohun tó fẹ́ mọ̀.

*

Ìyàwó Káfíńtà ń fá irùngbọ̀n ọkọ rẹ̀ nígbà tí Jẹ́jẹ́ wọlé. Ọkùnrin náà jókòó lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ ìnura ní ọrùn, ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọwọ́ obìnrin náà. Ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé ti wà ní títì. Nínú pálọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà ní igun, àga mẹ́rin tí ọkọ fọwọ́ ara rẹ̀ kàn sì yí tábìlì ká.

"Ẹ kú ìtọ́jú o, Màmá. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá."

"A dúpẹ́. Ẹ jókòó."

Jẹ́jẹ́ jókòó, ó yí ìdí díẹ̀. Àga náà ké. "Màmá, àga yìí ń mì."

"Ẹ má bínú, láti ìgbà tí kò ti sí ẹni tó ń wò wọ́n ni." Obìnrin náà gbé abẹ ìfárí kalẹ̀. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ yọ, ó mú sikúrúdiráfà, ó dojú àga dé, ó tú sikúrúù tó ti mì, ó fi pa ara ọṣẹ ìfárí tó wà nínú abọ́, ó sì yí i padà wọlé. Wẹ́rẹ́ báyìí.

"Ọwọ́ yín mọ́ o. Ta ló kọ́ yín ní ọṣẹ yẹn?"

"Bàbá wọn ni. Ó ní tí a bá fi ọṣẹ pa á, igi kì í..."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo sikúrúdiráfà náà bí ẹni tí ejò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Igi kì í là," ni Jẹ́jẹ́ bá a parí rẹ̀, jẹ́jẹ́.

Obìnrin náà tún fa dúrọ́ọ̀ náà, ó sì mú kásẹ́ẹ̀tì jáde láti abẹ́ àwọn aṣọ gígé. Ó gbé e sórí tábìlì.

"N kò tíì gbọ́ ọ," ni ó wí. "Ẹ lè má gbà mí gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń pariwo nínú ìpàdé, mo gba ìta wọ yàrá yẹn; ó sọ 'Èmi, ọmọ-ogun,' mo mọ̀ pé òun ni, mo pa á. Nígbà tí mo délé, ẹ̀rù bà mí. N kò lè lọ yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ aládùúgbò kí n lọ gbọ́ orúkọ orogún mi."

"Orogún wo, Màmá?"

"Dúdú." Ó sọ ọ́ bí ẹni tu egungun jáde lẹ́nu. "Láti ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé ọkọ ni mo ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ọkọ mi á sùn tán, á máa pè é. 'Dúdú, má sùn. Dúdú mi, dá mi lóhùn.' Ohùn tí kò fi pè mí rí! Tí mo bá bi í láàárọ̀, á ní ọ̀rọ̀ ogun ni, kí n fi sílẹ̀. Mo ní, ó dáa, ó fẹ́ ẹnì kan lọ́hùn-ún. Mo bí ọmọ mẹ́rin fún un. Dúdú ò kúrò lórí ibùsùn. Òjòwú ò lẹ́ran láyà, ẹ ò rí bí mo ṣe gbẹ?"

"Ẹ sì rò pé ó ti sọ ọ́ fún Òǹkọ̀wé."

"Ọ̀sán mẹ́ta! Obìnrin tó ń ta sánsán, tó ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn nínú yàrá fún ọ̀sán mẹ́ta. Á dé, ojú á pọ́n, kò ní jẹun. Ohun tí mo fi ọgbọ̀n ọdún bẹ̀bẹ̀ fún, ó kó o fún un lọ́sàn-án mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ahọ́n rẹ̀ kú. Mo lọ bẹ obìnrin náà. Ó fi ìwé hàn mí!"

Lẹ́bàá fèrèsé, Káfíńtà ń gbìyànjú láti sọ nǹkan kan. Ariwo ló jáde. Omijé ń ṣàn gba inú ọṣẹ tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ síwèé, ẹ̀yin náà lẹ lè tú u. Ṣé kí ìyàwó yín gbọ́ ọ? Tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fún ọwọ́ mi pọ̀."

Káfíńtà fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀.

"Kí n pe Sájẹ́ǹtì náà?"

Ọwọ́ náà kò mira. Ọkùnrin náà pa ojú dé. Lẹ́yìn náà ni ó tún fún un, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

*

Ní agogo mẹ́rin, Òǹkọ̀wé gbé ẹ̀rọ dé. Sájẹ́ǹtì tẹ̀ lé e, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá gba gbèsè. Òun àti Káfíńtà ti ń jókòó sí ìpàdé kan náà láti ọjọ́ yìí wá, 'ẹ kú ìkàlẹ̀' nìkan ni wọ́n ń kí ara wọn. Kò kí i lónìí. Jẹ́jẹ́ yí ohùn ẹ̀rọ lọ sókè pátápátá, ó ní kí Sájẹ́ǹtì gbé etí ọ̀tún sún mọ́ ọn.

Ohùn Káfíńtà kún inú yàrá. Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Oṣù méjì ni kò ti gbọ́ ọ.

"...ọmọkùnrin náà ń ṣẹ̀jẹ̀. Dúdú la ń pè é. Wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, kò gbọdọ̀ sùn. Mo ní kí n máa bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ bí wọ́n ṣe ń kan àga fún un. Mo sọ bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Mo wá rántí ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi. N kò tíì kí i rí. Mo sọ fún Dúdú pé eyín ló fi ń gé òwú. Ó ní, kí lorúkọ rẹ̀? Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, òpònú. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ jáde. Ọmọbìnrin yẹn ni mo fi mú un dúró títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Mo ń hùmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀: ìrìn rẹ̀, ohun tí màá sọ fún un, ilé tí màá kọ́ fún un. Nígbà mìíràn, a máa gbọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, Sájẹ́ǹtì, ó ń bú àwọn ọ̀tá, ó ń bú òjò, ó ń bú ọ̀gá wa. Dúdú ní kí n dákẹ́ ná, kí òun gbọ́ ọ. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gbọ́n òun bá ṣì ń bú èèyàn, kò sí nǹkan tó máa ṣe òun. Ó kú sí àárín èébú náà. Sájẹ́ǹtì rákò wá, ó bi mí pé kí ló sọ. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún un pé ohùn rẹ̀ ni ọmọ náà ń gbọ́ tó fi kú, tí kò sì mọ̀?"

Òǹkọ̀wé bi í nínú kásẹ́ẹ̀tì pé, ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?

"Ọmọbìnrin náà ni mo fẹ́. N kò sọ fún un. Tí ó bá mọ̀, kòtò yẹn ni màá máa rí lójú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ojú kan ṣoṣo wà láyé tí kò mọ ibẹ̀."

Kásẹ́ẹ̀tì yí títí ó fi dúró. Sájẹ́ǹtì ti kọ ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó yí padà, ó la yàrá kọjá, ó sì fi iwájú orí kan iwájú orí Káfíńtà. Ọṣẹ tí wọn kò tíì fọ̀ kúrò kùn ún lójú. Kò nù ún.

Òǹkọ̀wé ní òun kò ní ẹjọ́ kankan í rò ní àgọ́ ọlọ́pàá. Jẹ́jẹ́ pa ìwé tó fẹ́ kọ nǹkan sí dé.

Gbogbo wọn ń wo ìyàwó. Kò sunkún. Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ojú rẹ̀ le.

"Nítorí náà, òun ló kọ́kọ́ gbọ́," ni ó wí. "Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn yẹn. Nígbà tí ó wá kí mi, 'ṣé ẹ lè bá mi rán ṣòkòtò' ló sọ. Dúdú ló jẹ ìyókù."

"Màmá," ni Òǹkọ̀wé wí, "ọkùnrin ni o. Ó sì ti kú."

"Mo gbọ́. Owú kì í bèèrè ìyẹn." Ó yíjú sí Sájẹ́ǹtì, ó pariwo sí i ní etí ọ̀tún: "Bọ̀dá Sájẹ́ǹtì! Ṣé ó rẹwà?"

"Ta ni?"

"Dúdú!"

Sájẹ́ǹtì ronú, omijé ṣì ń bọ́. "Dúdú? Háà, ìyàwó wa. Ó burẹ́wà jọjọ. Etí rẹ̀ tóbi bí abẹ̀bẹ̀. Ìyá wa gan-an máa ń sọ ọ́."

Obìnrin náà gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò fúngbà díẹ̀. Ó fa àga kan jáde fún un.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó, kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún mi."

Lẹ́bàá fèrèsé, apá òsì ẹnu Káfíńtà gbéra sókè. Ẹ̀rín ni. Ìyàwó rẹ̀ gbé abẹ ìfárí, ó na ìka sí i.

"Ẹ̀yin ẹ má rẹ́rìn-ín o. N kò tíì parí ẹjọ́ tiyín."